Ọkùnrin Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi Morónkẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ṣì ń gbé ní Becontree, nílùú òyìnbó. Ìbínú ló máa fi dá onítọ̀hún lóhùn, ṣùgbọ́n á dá a lóhùn.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ni, lásìkò tó jẹ́ pé kéèyàn tó jẹun ọ̀sán tán, ilẹ̀ ti ń ṣú. Morónkẹ́ ti ibi iṣẹ́ gba gbọ̀ngàn kan lọ lẹ́bàá Mayesbrook Park. Ibẹ̀ ni Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń kọ́ báléè, ijó tí wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró jó. Àwọn ọmọ yòókù ti lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ́ṣọ dákẹ́. Hítà ara ògiri nìkan ló ń dún.

Ayọ̀mípọ̀sí wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí èèyàn níwájú rẹ̀, àfi àwòrán ńlá kan.

"Ta lò ń kí?"

"Grandpa yẹn, Mummy."

Morónkẹ́ wo àwòrán náà. Àwọn ọmọbìnrin oníjó ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan ń so okùn bàtà, òmíràn ń họ ẹ̀yìn, aṣọ wọn rí bí ọṣẹ tó hó. Lẹ́yìn kọ́tìnì, ọkùnrin kan dúró nínú kóòtù dúdú, ó dé fìlà gíga. Kò lójú. Ayàwòrán kàn fi búrọ́ọ̀ṣì nu ibẹ̀ kọjá ni. Síbẹ̀, èèyàn mọ ibi tó ń wò.

Mìdé, olùkọ́ ijó náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Upney, jáde sí wọn.

"Ẹ fẹ́ràn ẹ̀, Aunty? Last week ni mo gbé e kọ́. French Impressionist ló yà á."

"Ta ni bàbá aláṣọ dúdú yìí?"

Ohùn Mìdé rẹlẹ̀. "Àwọn olówó ayé ìgbà yẹn ni. They paid to come backstage."

"Wá ṣe kí ni?"

"Àwọn ọmọ yẹn, Aunty. Poor kids ni wọ́n."

Morónkẹ́ bínú sí ọkùnrin náà. Ó bínú sí ayàwòrán jù ú lọ: ó rí ọkùnrin yìí, ó rí àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ó wá jókòó ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bọ́ sára aṣọ wọn. Kò lé ọkùnrin náà jáde.

"O mọ̀, o sì gbé e kọ́ síbi tí wọ́n ti ń bọ́ṣọ? Ṣé ìyà ọmọdé lo fi ń ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́?"

"It's art, Aunty."

Morónkẹ́ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Dìde, ká lọ."

Ayọ̀mípọ̀sí kò mira. "Wọn ò tíì ní kí n dìde."

Ẹ̀kọ́ Morónkẹ́ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì gbà pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti kékeré ló ti ń kọ́ ọmọ yìí pé kò sí àgbà tí a kì í kí, à báà mọ̀ ọ́n, à báà má mọ̀ ọ́n, àti pé ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kì í dìde títí àgbà á fi ní kó dìde. Àwọn ìyá ìjọ Àládùúrà wọn máa ń yin ọmọ náà nítorí ẹ̀, orí ìyá rẹ̀ a sì wú.

"Àwòrán ni. Kì í sọ̀rọ̀."

"Wọ́n sọ̀rọ̀ last week. Wọ́n ní dìde, ọmọ dáadáa. Today wọ́n kàn ń wò mí ni."

Morónkẹ́ gbá a mú lábíyá, ó fà á. Mìdé ràn án lọ́wọ́. Eékún ọmọ náà kò kúrò nílẹ̀. Hítà dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, àwọn méjèèjì gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́ díẹ̀, bí àgbàlagbà tí kò kánjú.

Mìdé sá sẹ́yìn. Morónkẹ́ kò sá. Ìbínú rẹ̀ ti ju ẹ̀rù lọ. Ó já àwòrán náà lulẹ̀, ó fi bàtà fọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fa bébà inú rẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

"Èyí kì í ṣe ọmọ tálákà kankan. Ọmọ tèmi ni."

Ayọ̀mípọ̀sí dìde. Ó gbọn eékún rẹ̀, ó béèrè jákẹ́ẹ̀tì.

Mìdé ń to bébà náà jọ nílẹ̀. Àwọn oníjó pé. Kọ́tìnì pé. Níbi tí ọkùnrin náà dúró sí, kọ́tìnì nìkan ló wà, ọ̀dà rẹ̀ dán, kò sí ihò kankan.

"Aunty, níbo ló lọ?"

Morónkẹ́ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Lójú ọ̀nà, ó ń pariwo débi pé àwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn. "Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ọkùnrin kankan mọ́. Ṣó o gbọ́?"

"Yes, Mummy."

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá ọmọ náà ṣì wà níbi iṣẹ́, ilé ṣókùnkùn. Morónkẹ́ ṣì ń fọwọ́ wá súwíìṣì lára ògiri nígbà tó gbọ́ ìró eékún méjì lórí pákó.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà."

Ó tan iná. Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú àga pálọ̀. Kò sẹ́ni kankan lórí àga náà.

"Dìde! Èmi ìyá ẹ ni mo ní kó o dìde!"

Ayọ̀mípọ̀sí kò gbójú sókè. Ó rọra fèsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ má bínú, Mummy. Ẹ̀yin kọ́ ni mo kí."