Ojú Dírẹ́bà Kékeré

Dírẹ́bà náà ń làágùn. Ike ni, kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó jókòó sẹ́yìn sítíárì inú mọ́tò kékeré kan lórí tábìlì iṣẹ́ mi, òtútù ọjọ́ náà sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wọ súwẹ́tà. Síbẹ̀ ẹ̀kán òógùn kan yọ níwájú orí rẹ̀, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ imú, ó dúró sórí irun tí wọ́n kùn sókè ètè rẹ̀. Mo fi ìka nù ún. Mo ní ọ̀rinrin ni. Kò sí ohun tí ènìyàn kò lè rí àlàyé fún tí kò bá fẹ́ fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Eyín ni mò ń ṣe jẹun. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá ti yọ, dókítà eyín á fi ránṣẹ́ sí mi, màá wọn erìgì rẹ̀, màá ṣe òmíràn tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò ní mọ̀ yàtọ̀. Ọwọ́ mi dára, kì í ṣe pé mò ń yin ara mi. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kun àbàwọ́n tábà sára eyín arúgbó, kí tuntun lè bá àwọn tó kù lẹ́nu mu, irun mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ̀.

Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, mọ́tò kékeré onírímóòtù ni ayé mi, àwọn ti àtijọ́, tí wọ́n ti wà kí wọ́n tó bí àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ ń kó wọn jọ. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé nínú gáréèjì kan tí wọ́n ti pa tì, a ó gbálẹ̀, a ó sì tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n sáré. Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, ni àgbà wa. Òun ló ń ṣọ́ pátákó tí a há pẹ́ẹ̀gì aṣọ mọ́, oríṣiríṣi àwọ̀. Rímóòtù àtijọ́ kò gbọ́n. Bí méjì bá bọ́ sórí ìgbì rédíò kan náà, mọ́tò rẹ á máa gbọ́ àṣẹ ẹlòmíràn. Nítorí náà, olúkúlùkù ní láti mú pẹ́ẹ̀gì ìgbì tirẹ̀ kó tó tan rímóòtù. Ẹni tó bá gbàgbé, Tíṣà á bá a wí bí ọmọ kíláàsì kejì.

A tún ní òfin kan: a kì í nu ọ̀dà àtijọ́. Ojú tí oní-nǹkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn fún dírẹ́bà rẹ̀, bó ti wù kó burẹ́wà tó, iyì mọ́tò náà ni.

Àna mi, ọkọ àbúrò mi obìnrin, ló gbé mọ́tò yìí wá. Kò-sí-Bíréèkì là ń pè é, nítorí kò tíì sí ògiri tó rí tí kò fi mọ́tò bá jà. Ọ̀dọ̀ opó kan ló ti rí i, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì lọ bẹ màmá náà kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Mọ́tò ọ̀hún dára o! Sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń fò, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, ó le, kò sì sí ibì kan tó sán lára rẹ̀.

Àna mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi nu ojú bàbá yìí kúrò, kí ẹ kun tèmi sí i."

"Ọ̀dà ogójì ọdún? Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Bí kì í bá ṣe ọwọ́ yín, ọwọ́ ta ni? Ọlọ́run ló fi ọwọ́ yẹn jíǹkí yín."

Mo mọ̀ pé ó ń dọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n orí mi wú, mo sì gbé tínà tí a fi ń bó ọ̀dà, àti òwú.

Nígbà tí mo nu ojú onírun-ètè náà tán, mo rí ojú mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ti ọkùnrin tó pá lórí. Mo nu ìyẹn, mo bá ti ẹnì kan tó fi ohun bí aṣọ bo ojú kan. Lábẹ́ tirẹ̀, ọ̀dọ́mọdé kan ń fi ojú méjèèjì wò mí. Ọwọ́ tó kun wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo wọn là díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ pariwo. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Mo nu ọ̀dọ́mọdé náà, mo dé ara ike funfun, mo sì kun àna mi sí i: àpá ojú rẹ̀ ọ̀tún, èjí ẹnu rẹ̀, àti ẹ̀rín yẹn tí àbúrò mi torí ẹ̀ kọ àwọn ọkùnrin gidi.

Ní Sátidé, ó mú pẹ́ẹ̀gì pupa, ó tan rímóòtù. A kò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Mọ́tò náà ń yí igun bí omi. Tíṣà gan-an pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, bí àna mi ti máa ń ṣe, ó lọ fi í gbá òpó irin.

Ìró méjì ni mo gbọ́. Ìkínní kéré, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìṣáná: apá òsì dírẹ́bà ike ló kán. Èkejì dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bojú wo àna mi. Apá òsì rẹ̀ ti ká níbi tí ìgúnpá kò sí, egungun funfun sì ti la awọ jáde. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo apá ẹlòmíràn. Ìgbà tó yá ló ké.

Rímóòtù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì fò jáde nínú rẹ̀. Mọ́tò náà kò dúró. Ó rọra fi ẹ̀yìn rìn kúrò lára òpó.

Tíṣà pariwo. "Ta ló wà lórí pẹ́ẹ̀gì pupa? Ta ló tan rímóòtù ẹ̀?"

Gbogbo wa na rímóòtù wa sókè. Kò sí èyí tó wà ní títàn. Mọ́tò náà sì tún sáré lu òpó yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ sì tú ní imú àna mi, ó ya ìlà gbọọrọ sára ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà. Mo ju ara mi lé mọ́tò náà lórí. Mo fa bátìrì rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn tí mo fà á yọ, táyà rẹ̀ ṣì ń yí lábẹ́ àyà mi, ó ń ha mí, bí ohun tó fẹ́ gbẹ́ ihò wọlé sí mi lára.

Ní ilé ìwòsàn ni àna mi ti wá jẹ́wọ́. Ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n, màmá yẹn kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí n má nu ojú ẹ̀. Mo rò pé àárò ọkọ ẹ̀ tó kú ló ń sọ ọ́ ni."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, ẹ ò ní kùn ún."

Mo fẹ́ gbá a létí. Ibi tí mo lè gbá ni kò sí.

Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, mo gbé mọ́tò náà lọ síbẹ̀. Èrò mi ni pé ẹni tó kùn ún ló lè nù ún. Ó wà lórí ibùsùn nínú yàrá, èmi wà ní pálọ̀. Mo fi òwú tó ní tínà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ dírẹ́bà náà, ẹ̀ẹ̀kan péré, fẹ́ẹ́. Igbe tó jáde nínú yàrá kì í ṣe igbe ènìyàn. Àbúrò mi sáré wọlé lọ, ó sì tún sáré jáde, ó di ẹnu ara rẹ̀ mú. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ ti bó dànù títí a fi ń rí eyín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Mo lọ bá opó náà lọ́jọ́ kejì. Arúgbó ni, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Kò bi mí ní ohun tí mo wá ṣe.

"Ó ti nu ojú ẹ̀, àbí?"

"Èmi ni mo nù ún, Màmá."

Ó kàn ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. "Ẹni tó ni ín kí ọkọ mi tó ni ín, òun ló kun ojú ọkọ mi sí i, kí òun lè bọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá gbé e fún un bí ẹ̀bùn. Orí àga ni ọkọ mi kú sí, nínú pálọ̀ yìí. Dókítà ní bí ẹni tí ọkọ̀ gbá ni egungun ẹ̀ ṣe rí. Mo lè kun ojú ọ̀tá mi sí i nígbà yẹn. Mo ní rárá, kó wà lójú ẹni tó ti kú. Kí ló tún fẹ́ fi òkú ṣe?"

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ojú lórí ojú, ọmọ mi. Ọ̀nà kan tó wà nìyẹn."

Mo dé ilé àbúrò mi, mo ṣàlàyé. Kò ronú rárá. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kun ẹnikẹ́ni! Ẹ kun lándílọ́ọ̀dù wa. Ta ló máa sunkún ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. Nínú yàrá, ọkọ rẹ̀ ń mí bí ẹni tí omi wà ní àyà rẹ̀. Dókítà ti sọ pé kò dájú pé ó máa rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ní mi ò ní pa lándílọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Màá dá ojú kan fúnra mi, ojú tí ìyá kankan kò bí. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ọgbọ́n náà. Ogún ọdún ni mo ti fi ń wo ẹnu àwọn ènìyàn, mo mọ bí a ṣe ń to ojú pọ̀. Mo fún un ní imú tẹ́ẹ́rẹ́. Mo gé etí rẹ̀ ọ̀tún ní ṣóńṣó. Mo fi àmì dúdú kan sábẹ́ ojú òsì, búrọ́ọ̀ṣì mi sì yẹ̀ díẹ̀, ìpéǹpéjú náà wá wálẹ̀ bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, a gbọ́ tí àna mi mí kanlẹ̀. Ó ní ebi ń pa òun.

Ọjọ́ Àìkú ni, aago mẹ́rin ku díẹ̀. Ó jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Ó fi ọwọ́ tó kù fún un fa hámà yọ nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lu dírẹ́bà náà lẹ́nu. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ike fọ́n ká. Mo lè dá a dúró. Mi ò dá a dúró, ká má purọ́, ó dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí ohunkóhun kò ṣe àna mi, a jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó kó mọ́tò náà àti ohun tó kù lára dírẹ́bà sínú ọ̀rá, ó lóun á lọ dà á nù.

Ara rẹ̀ ń kọ́fẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá.

Àárọ̀ Jímọ́ọ̀ kan, dókítà fi ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi. Ó fi aṣọ ìnujú bo ẹnu. Ó kí mi dáadáa, ó jókòó, ó ṣí aṣọ náà kúrò. Imú tẹ́ẹ́rẹ́. Etí ọ̀tún tó gé. Àmì dúdú lábẹ́ ojú òsì. Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wálẹ̀, bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Ẹnu rẹ̀ ti fọ́ jákujàku.

Mo bi í pé kí ló ṣe é. Mi ò mọ ẹni tó fi ohùn mi sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, tí mo bá sọ, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ọjọ́ Àìkú kan báyìí ni, aago mẹ́rin kò tíì lù. Mò ń kàwé fún ọmọ mi obìnrin. Nǹkan kan gbá mi lẹ́nu, kò sì sẹ́ni níwájú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọmọ mi rò pé mò ń ṣeré ni, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí nǹkan náà gbá mi lẹ́ẹ̀kejì." Ó fi ọwọ́ pa àyà. "Láti ìgbà náà, ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n kó ẹrù lé lórí. Ara mi sì ń rùn bí ààtàn. Ìyàwó mi wẹ̀ mí títí, ó ti sú u."

Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀ jù. Èmi ni mo sì mú orí tirẹ̀ lọ síbẹ̀, tí mo ń yin ara mi lójú ọ̀nà.

Mo yọ́ ìda, mo fi í sí i lẹ́nu kí n fi wọn erìgì rẹ̀. Mo ní kó pa ẹnu dé, kó má sọ̀rọ̀ títí ìda á fi le. Mo ti pinnu nígbà náà. Màá wá dírẹ́bà yẹn rí lónìí, ibi yòówù kó wà, màá sì kun ojú ara mi sí i. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo pe àna mi lórí fóònù.

"Níbo lo da nǹkan yẹn sí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ààtàn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ike ni. Jímọ́ọ̀ tó bá parí oṣù ni wọ́n ń dáná sun ún. Mo tiẹ̀ wá wò ó fúnra mi. Mo dúró síbí báyìí, wọ́n ń da kẹrosíìnì sí i lọ́wọ́."

"Dá wọn dúró! Sáré, bá mi yọ ọ́ jáde!"

"Hẹn? Mi ò gbọ́ yín o, ariwo pọ̀. Ẹ gbọ́, wọ́n ti ṣáná sí i!"

Mo gbọ́ bí iná ṣe gbà á nínú fóònù. Ó dún bùù, àwọn ènìyàn sì hó yèè. Àna mi ń rẹ́rìn-ín.

Mo yíjú padà. Ọkùnrin náà ṣì pa ẹnu dé bí mo ṣe ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ìda ti yọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń ṣàn gba àárín ètè rẹ̀ kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi ọwọ́ kan ń tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Ó ń fi ìka èkejì tọ́ka sí fèrèsé, tìtìjú-tìtìjú, pé bí kò bá ní bí mi nínú, kí n bá òun ṣí i.