Ìmọ́lẹ̀ Kúkúrú, Ìmọ́lẹ̀ Gígùn

Etí jẹ́tì Ìgbókòdá ni Rhoda ti kọ́kọ́ rí Ìsìmáílà, tó ń fi dígí kékeré tan oòrùn sí i lójú.

“Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Mo ń kí ọ ni. Kóòdù Mọ́ọ̀sì ni. Inú ọkọ̀ apẹja ńlá ni ọ̀gá mi ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ mi: ìmọ́lẹ̀ kúkúrú, ìmọ́lẹ̀ gígùn, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.”

Rhoda rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kò pẹ́ tí Ìsìmáílà fi kọ́ òun náà ní kóòdù ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni Olówòkéré, bàbá rẹ̀, kò sì ní fọmọ fún ìmàle. Ó gba fóònù ọwọ́ Rhoda, ó búra pé ọmọkùnrin náà kò ní fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ òun láéláé. Kò mọ̀ pé lójoojúmọ́ ni dígí Ìsìmáílà ń tàn láti inú ọkọ̀ rẹ̀ lójú òkun sí Aráròmí, ìlú wọn, tí Rhoda ń tú u sí ẹ̀yìn ìwé orin: MY OWN. Òun náà a tú tirẹ̀ sí kóòdù, a sì fi dígí fèsì.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, òkun ru, òjò ń ṣú bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Dígí tàn. Rhoda tú u: ENGINE DEAD. Ẹ́ńjìnnì ti kú. WATER ENTERING. Omi ti ń wọlé.

Ẹni tí ewu bá bá lójú òkun, aṣọ ni í so mọ́ àjẹ̀, gbogbo ìlú a sì tú jáde. Ìsìmáílà kò so aṣọ. Ó ti mọ́ ọn lára láti bá Rhoda nìkan sọ̀rọ̀. Àwọn tó rí ìmọ́lẹ̀ náà létí omi rò pé ẹnì kan ń ṣeré ni.

Rhoda sá tọ bàbá rẹ̀ lọ nídìí àwọ̀n, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ẹ̀yìn mi lẹ ti ń sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?”

“Ẹ nà mí tó bá yá, Bàbá. Ó ń rì.”

Olówòkéré wo òkun. “Bi í bóyá ó lè dúró dè mí.”

Rhoda bi í. Ìdáhùn dé: NO. SEA BAD. KEEP HIM HOME.

“Kí ló wí?”

Ẹ̀rù bà á. Bó bá sọ òótọ́, bàbá rẹ̀ lè jókòó, Ìsìmáílà a kú. Bó bá purọ́, òkun lè gbé àwọn méjèèjì. Kò sì sẹ́ni tí yóò já irọ́ náà.

“Ó ní òkun burú, kí n má jẹ́ kí ẹ wá.”

“Òun ló ń rì, èmi ló ń rò,” ni Bàbá wí. Ó ti àwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde.

“Ọma mi, gbé pẹtiróò wá.”

“Bàbá, ẹ ti búra.”

“Mo mọ̀. Sọ fún ọkọ rẹ pé mo ń bọ̀.”

Rhoda gbé dígí, ó ń tú u sí kóòdù: HUSBAND, HE IS COMING. Kò tíì parí rẹ̀ tí òjò fi bo oòrùn. Ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀, títí ariwo ìgbì fi bò ó mọ́lẹ̀. Kò mọ̀ bóyá Ìsìmáílà rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà, kó sì mọ̀ pé Bàbá ti fi òun fún un.