Suro Ní Òun Ti Ṣe É

“Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ìránṣẹ́ yín.”

Puang Lantara ò kí ẹnikẹ́ni. Ó da agbọ̀n edé òkú sórí ẹní tí Tenri ti ń jẹun àárọ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé.

Àbúrò bàbá Tenri ni, òun ló ń bójú tó adágún edé méjèèjì látìgbà tí bàbá ti bá ọkọ̀ òkun lọ. Kí bàbá tó lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà kan sí igun pálọ̀, ó sì fi ọpọlọ ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ tó ń dá iṣẹ́ ṣe. Òun ló ń bọ́ edé, òun ló ń tan àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń da omi rú kí edé lè rí èémí. Suro, ìyẹn ìránṣẹ́, ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ Tenri ò ju ẹyọ kan lọ: bí Suro bá ti ní òun ṣe nǹkan, kó rìn dé etí omi, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Puang ò fẹ́ràn Suro rárá. Ó sì ti kìlọ̀: “Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló pa edé mi, ẹ̀rọ á wọ omi. Bó bá jẹ́ ìwọ lo fi iṣẹ́ ṣeré, o ò ní fojú kan ilé-ìwé Parepare ní sáà yìí.”

Ẹ̀rù wá ń ba Tenri gidi. Ìrìn etí adágún ti sú u tipẹ́. Rappe, ọmọ Puang, ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù takraw: “Ìránṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ọ́. Ní kó máa yẹ ara rẹ̀ wò, jàre.” Bí Tenri ṣe pàṣẹ fún Suro nìyẹn pé kó máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, kó má pe òun mọ́. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni Suro ń sọ pé òun ti ṣe é, Tenri sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Puang fa wáyà yọ, ó ki kọ̀ǹpútà mọ́ abíyá, ó kọrí sí adágún.

“Panu mọ́,” Rappe, tó bá bàbá rẹ̀ wá, sọ ọ́ sí i létí. “Jẹ́ kó rì. Ẹ̀rọ ò lẹ́nu.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tenri lára. Ṣùgbọ́n adágún ìsàlẹ̀ nìkan ló kú. Tòkè ṣì wà láàyè, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó bàjẹ́. Ó sáré, ó dí Puang lọ́nà.

“Puang, ẹ dákun. Èmi ni mo ní kó máa yẹ ara rẹ̀ wò. N ò débí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n wá ohun tó ṣe é, kí tòkè má baà tẹ̀ lé e.”

Puang sọ kọ̀ǹpútà sínú ẹrẹ̀ létí ẹsẹ̀ rẹ̀. “Gbé e.”

Tenri nù ún, ó tan án padà, ó ka ohun tí Suro ṣe lánàá. Suro ránṣẹ́ sí kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò dáhùn. Ó tún ránṣẹ́, kò dáhùn. Ló bá ka iṣẹ́ tó rán sí iṣẹ́ tó ti ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí súìṣì, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹnu wáyà tán. Ti adágún òkè náà kù díẹ̀ kó já. Puang fúnra rẹ̀ ló ha iyọ̀ náà kúrò, tó tún wáyà dì.

“Suro ò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ò yí,” Tenri ní. “Kò lójú.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Tenri ti àpótí súìṣì pa.

Puang ò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ Tenri wọkọ̀ lọ sí Parepare, òun ń kó ẹrẹ̀ nínú adágún tó ti gbẹ. Rappe náà ń kó o, nítorí bàbá rẹ̀ ti gbọ́ irú ìmọ̀ràn tó dá.

“Ká ní o dákẹ́ ni,” Rappe ń ráhùn, “ilé-ìwé ni ò bá wà báyìí.”

“Tòkè ì bá sì ti kú.”

Fóònù Tenri dún: Suro ní òun ti tan kẹ̀kẹ́. Tenri fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó gun òkè lọ wò ó. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tó bá sì fi òṣìṣẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí iṣẹ́ ara rẹ̀, àdánù ni yóò kó wálé.