Ọjọ́ Tí Àwọn Àbùùbùtán Oníwo Sá Lọ

"Ẹ̀rù bàbá rẹ ló ń bà ọ́," ni Aviaja wí fún Tukummeq, ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n so sétí òkun Qaanaaq, abúlé àwọn ọdẹ níbi tí omi òkun ti máa ń di yìnyín. "Àgbà ọmọ bíi tìẹ."

"Ta lẹ̀rù ń bà?" Tukummeq dáhùn, àmọ́ ó ń wo ojú omi. Láti òwúrọ̀ ni Ilannguaq, bàbá rẹ̀, ti wà lójú omi nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, òun àti àwọn ọdẹ yòókù, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, wọn ò gbin pínkín. Àwọn àbùùbùtán oníwo ti wọlé sínú omi etíkun wọn. Bí wọ́n bá sì ti wọlé, ẹnikẹ́ni kì í tan ẹ́ńjìnnì, nítorí etí wọn mú.

"Ẹ̀yìn àpáta yẹn lásán la ó dé, ká ya fọ́tò. Àbí kí n sọ fún wọn ní kíláàsì pé ojo ni ọ́?"

Tukummeq fa okùn ẹ́ńjìnnì.

Ariwo náà sán bí ààrá. Ó rí àwọn ẹ̀yìn alámì tótòtó lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí ìwo gígùn kan tó yọ sókè, lẹ́yìn náà gbogbo wọn rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ ṣì wà lókè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sí ohun tí yóò sọ ọ́ lù mọ́.

Nílé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú," ni Ilannguaq wí. "Kí làwọn ajá máa jẹ?"

Àwọn ẹranko náà ò padà wá títí omi fi di yìnyín. Màmá àgbà, tó máa ń gé awọ wọn pín fún gbogbo ẹbí láti jẹ, kò rí nǹkan kan gé. Àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín rù kan eegun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ilannguaq mú ìbọn lọ bá àwọn ajá náà lẹ́yìnkùlé. Tukummeq di etí, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ìró ìbọn. Ajá tí Tukummeq fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti kékeré wà lára wọn. Bàbá rẹ̀ wọlé, ó jókòó, ó sì sunkún. Ọdẹ tí kò lájá kò lè débi tí ẹran wà lórí yìnyín.

Aviaja ò yà sílé wọn mọ́.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Bí wọ́n bá pe Tukummeq lójo, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́. Ebi tó fà wọlé, ti gbogbo ilé ni.