Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Currawong

Ta ló dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sára Currawong? Ìbéèrè yìí ni Inspẹ́kítọ̀ Noelene Pascoe gbé wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Wollongong láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí kò bá rí ìdáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú, Keryn Abela, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ọ́, ni wọn yóò gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ kejì.

Currawong jẹ́ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn kọ, tí wọ́n sì fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. Òun ló ń darí àwọn ẹ̀rọ tí ń rán ọkọ̀ aláìsàn jáde nílùú náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, àjèjì kan gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí ẹnì kan kọ sínú ètò náà, wọlé, ó sì mú kí gbogbo wọn dákẹ́ fún wákàtí méjì. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan tí itan rẹ̀ kán wà nílẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí wọ́n mú àjèjì náà ní Perth, ó ní ṣe ni òun bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀kùn náà ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, òǹtẹ̀ Keryn, àmì orí kọ̀ǹpútà tó ń fi hàn pé òun ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ló sì gbé e wọlé.

“Kì í ṣe èmi,” ni Keryn wí. “Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí mo ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti fi tẹ òǹtẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì mi.”

“Báàgì yẹn ńkọ́?” ni Pascoe bi í. “Ṣé o máa ń gbé e wẹ̀ ni?”

“Sátidé kan wà. Àwa mẹ́ta tó ń bójú tó Currawong, èmi, Thien àti Merv, pàdé nílé Merv, a yẹ ìwé ìrìnnà ara wa wò, a sì jẹ́rìí sí òǹtẹ̀ ara wa, bí a ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà mo fi báàgì sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì lọ lúwẹ̀ẹ́ ní adágún etí òkun. Thien ní omi ti tutù jù, Merv sì ń yan sọ́sééjì.”

Thien Quach, tí òun àti Keryn kì í gbà fúnra wọn, rẹ́rìn-ín nígbà tí Pascoe bi í léèrè. “Inspẹ́kítọ̀, ẹ tiẹ̀ bu iyì fún mi díẹ̀. Bí mo bá máa ṣe ibi, ṣé irú kóòdù ayé àtijọ́ yìí ni màá kọ? Ẹ wò ó!”

Lókè fáìlì náà, Pascoe kà pé: *R. Halloran ló kọ èyí, 1983. Ẹ lò ó bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má yọ orúkọ yìí kúrò.*

“Ta ni Halloran?”

“Orúkọ asán ni. Fáìlì tí kò bá ní ìwé àṣẹ lórí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ẹni tó kọ ọ́ àti bí a ṣe lè lò ó, kò lè wọlé lọ́dọ̀ wa, ni olè bá fi orúkọ kan dí àyè.”

Pascoe kò gbà. Ó lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì. Ní aago mẹ́rin, ó kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìdáná Merv Stoddart, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó ń bójú tó ìwé àṣẹ Currawong.

“Bí olè bá fẹ́ dí àyè,” ni Pascoe wí, “orúkọ Keryn ni ì bá kọ, ẹ̀sùn ì bá sì túbọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ló dé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé Halloran ló kọ ìlà mọ́kànlá nínú fáìlì náà ní tòótọ́. Olùkọ́ ni ní yunifásítì níbí, ó kú lọ́dún 1991, kò sì gbé iṣẹ́ yẹn jáde rí. Ẹni tí mò ń wá lè jí òǹtẹ̀ ẹlòmíràn lò, ṣùgbọ́n kò lè lo iṣẹ́ ẹlòmíràn kó yọ orúkọ onítọ̀hún kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni Halloran fi téèpù kọ̀ǹpútà tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí sílẹ̀ fún.” Ó gbé ẹ̀dà ìwé ìhágún kan sórí tábìlì.

Merv kò wo ìwé náà. “Ilé iṣẹ́ tó ta àwọn ẹ̀rọ ọkọ̀ aláìsàn yẹn pa gbogbo orúkọ wa rẹ́. Ìwé àṣẹ wa gbà kí wọ́n tà á, kò gbà kí wọ́n pa orúkọ rẹ́! Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni mo kọ, wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ̀rí ìyẹn ni mo fẹ́ wọlé sínú ẹ̀rọ wọn lọ wá.”

“Kí ló dé tó jẹ́ òǹtẹ̀ tèmi?” ni Keryn bi í.

“Torí ìwọ la fọkàn tán jù, kò sẹ́ni tó ń yẹ iṣẹ́ tìrẹ wò lẹ́ẹ̀mejì.”

Thien fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi lé ròrò lójú Keryn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. “Merv, èmi ni wọ́n fẹ́ gbé lọ lọ́la. Ẹ má ro ẹjọ́ ilé iṣẹ́ kankan fún mi. Ẹ sọ ọ́ kí Inspẹ́kítọ̀ gbọ́: ta ló dá ilẹ̀kùn yẹn?”

Ọkùnrin náà gbé orí sókè.

“Èmi ni, Keryn. Èmi Mervyn Stoddart ni mo dá a.”