Ìka Ìyá Àgbà

Akọ̀wé kóòtù na ìwé ìbò kan sókè. Lórí àga ẹ̀yìn, ọmọ káfíńtà na ọrùn wò ó. Kíámọ́sá ni gbogbo ilé ìwé ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í fi ìkánjú ṣe.

Ìbò kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú. Alátakò rẹ̀ pẹjọ́, ó ní kí wọ́n tún ìbò kà. Lọ́yà bàbá rẹ̀ wá bẹ adájọ́ pé ìwé tí tàdáwà bá ti kan àmì ẹgbẹ́ méjì, kí wọ́n dà á nù. Ẹnì kan ló sọ fún wọn pé ti alátakò ló pọ̀ jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Adájọ́ gbà.

Ó mà ṣe o! Ìwé méjì péré ni wọ́n rí, ti káfíńtà sì ni méjèèjì.

Àmì àtàǹpàkò tó wà lára ìwé kejì, èyí tí akọ̀wé nà sókè yìí, fẹ̀, àpá gígùn kan sì là á láàárín. Kíámọ́sá dá a mọ̀. Sísọ́ọ̀sì ló gé ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń ránṣọ.

Lọ́jọ́ ìbò, òun ló mú ìyá àgbà wọ ibi ìdìbò, torí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ìyá àgbà tẹ̀ka sórí àmì ẹgbẹ́ ọmọ wọn.

"Ọmọ mi, jẹ́ kó gbẹ ká tó ká a."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ké pè é lẹ́nu géètì. "Ó ti gbẹ, mà!" Ó ká a wéré, tàdáwà sì ràn mọ́ àmì kejì. Ó rí i. Ó yẹ kó gba ìwé mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fi í ṣe ẹlẹ́yà.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, mà."

Ìyá àgbà jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti dìbò fún ọmọ mi." Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìbò, wọ́n kú.

Ní kóòtù, wọ́n da ìwé méjèèjì nù, alátakò sì fi ìbò kan wọlé. Bàbá Kíámọ́sá jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù. "Ìbò kan! Ta ni mo ṣẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí Kíámọ́sá ṣe. Bó bá dákẹ́, ó ti tán nìyẹn. Àmọ́ kò lè gbé e mì.

"Bàbá mi, ìka ìyá àgbà ló wà lára ìwé kejì. Èmi ni mo ká a kó tó gbẹ. Mo sì parọ́ fún wọn."

Ó ń retí ìgbátí. Bàbá rẹ̀ kò gbá a.

"Ìka màmá mi," ló wí jẹ́ẹ́. "Èmi náà ni mo ní kí wọ́n dà á nù." Ó fi fìlà bojú, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ má fi ìkánjú ṣe ohun ẹlòmíràn, ẹ má sì tijú láti sọ pé ẹ ti ṣe àṣìṣe. Ìṣẹ́jú kan péré ni tàdáwà ì bá fi gbẹ. Ní báyìí, Kíámọ́sá fẹ́ tọrọ àforíjì, kò sì rí ìyá àgbà bẹ̀ mọ́.