Ìlẹ̀kùn Aláwọ̀ Ewé ní Hayin Banki

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Moyinọlá ṣí àpótí rẹ̀. Lẹ́tà kò sí níbẹ̀.

Ó kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀. Yẹtí wúrà rẹ̀ wà. Owó tó fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ wà. Lẹ́tà nìkan ni kò sí. Àgádágodo ẹnu àpótí kò já, okùn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sántòru.

Bí kò bá sí lẹ́tà yẹn, kò sí ilé. Báńkì kan ti gbà láti yá a lówó kí ó fi ra ilé oníyàrá méjì fún òun àti màmá rẹ̀ ní Mahuta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tuntun ni. Oṣù mẹ́rin péré ló ti lò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, wọ́n ṣì ń dán an wò lọ́wọ́. Báńkì ní àfi kí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé àwọn kò ní lé e. Moyinọlá bẹ ọ̀gá títí ẹnu fi fẹ́ bó. Ọ̀gá fọwọ́ sí lẹ́tà náà lọ́jọ́bọ̀, ó sì wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Íńdíà fún ìtọ́jú ọkàn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá fi ṣú tí lẹ́tà kò dé báńkì, ẹni tó ni ilé yóò tà á fún ẹlòmíràn.

Gbádégẹṣin ni ó sáré pè. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni bàbá náà ní Kàdúná kí ó tó fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti mú òun àti ìyá Moyinọlá di ojúlùmọ̀.

Ó dé ilé wọn ní Hayin Banki lọ́sàn-án. Kò tètè wọlé. Ara ògiri ilé náà ti ṣí, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ń dán, ó ní àwọ̀ ewé, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀.

"Ta ló kun èyí?"

Moyinọlá ní màmá òun ni, láàárọ̀ àná. Ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún.

Gbádégẹṣin gbọ́ nípa wúrà àti owó tí olè fi sílẹ̀. Ó mi orí. "Kì í ṣe owó ni ẹni yìí wá. Kò fẹ́ kí o ra ilé ni. Ta ni ilé yìí kò bá lára mu?"

Débọ̀ ni ó kọ́kọ́ wá sí Moyinọlá lọ́kàn. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ni, pálọ̀ wọn ni ó ń sùn. Wọ́n bá a níbi tó ti ń jẹ tùwó. Kò tilẹ̀ dìde.

"Bàbá, wallahi, ṣé ẹni tó jí lẹ́tà yóò jókòó síbí máa jẹun dè yín?"

"Ọlọ́pàá ni mí tẹ́lẹ̀. Mo ti mú ẹni tó ń jẹun rí."

Débọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá sọ òtítọ́. Ilé Mahuta kò ní àyè fún un, ìyẹn sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n kò débi àpótí. Gbádégẹṣin ní kí ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà mọ́. Ó bi í bóyá ó bá wọn kun ìlẹ̀kùn. Débọ̀ ní òun bẹ̀bẹ̀ láti bá wọn ṣe é, wọ́n kọ̀. "Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn yẹn."

Ó ku Bilqees, tí ń gbé ní Kawo. Òun àti Moyinọlá ni wọ́n jọ wá iṣẹ́ náà. Moyinọlá ni wọ́n mú. Ó wá kí wọn lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, Moyinọlá sì fi í sílẹ̀ ní pálọ̀ nígbà tó lọ ra omi tútù. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Iṣẹ́ yẹn dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò wọ yàrá. Ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé, ẹ̀yìn ni mo gbà jáde. Màmá ní ọ̀dà ò tíì gbẹ, kí n má fara kan ìlẹ̀kùn."

Wọ́n padà sí Hayin Banki. Gbádégẹṣin yí àpótí padà, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Irin tín-ín-rín méjì ni wọ́n fi so ìderí mọ́ ara àpótí. Ọ̀dà díẹ̀ wà lórí ọ̀kan, àwọ̀ ewé. Ó fà á. Ó yọ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tí wọ́n ti ń yọ tipẹ́tipẹ́. Ó fa èkejì. Ìderí ṣí láti ẹ̀yìn, àgádágodo sì wà ní títì níwájú.

"Ta ló ni àpótí yìí tẹ́lẹ̀?"

Ohùn Moyinọlá lọ sílẹ̀. "Màmá ni. Àpótí ìgbéyàwó wọn ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù nígbà rògbòdìyàn ẹ̀sìn ọdún 2000. Èmi ni mo wá ra àgádágodo tuntun sí i."

Gbádégẹṣin dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìyá náà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi kẹrosín-ìn fọ ọ̀dà kúrò ní èékánná. Ìyá Elijah ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Elijah ni àkọ́bí rẹ̀. Ọjọ́ kejì rògbòdìyàn náà ló jáde lọ wá kẹrosín-ìn. Kò padà. Wọn kò rí òkú rẹ̀.

Gbádégẹṣin jókòó sórí àpótí ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Elijah, ẹ fa irin ẹ̀yìn àpótí yọ. Ọ̀dà ọwọ́ yín kù síbẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn kò kan ọ̀dà láti àná."

Kò jiyàn. Ó ní nígbà tí Moyinọlá lọ sọ́jà láàárọ̀ Àbámẹ́ta ni òun fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tí òun wọ yàrá lọ.

"Kí ló dé?"

"Ilé yìí nìkan ni ọmọ mi mọ̀, Bọ̀dá. Nígbà tí àwọn Kristẹni bíi tiwa kó lọ sí Sabon Tasha, mo padà síbí. Ìlẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ló gbà jáde. Bó bá dé tó bá àjèjì níbí, ibo ni yóò gbà?"

Ó gbé ojú sókè wò ó.

"Ọlọ́pàá lẹ jẹ́ nígbà náà. Ṣé ẹ rí i?"

Gbádégẹṣin yọ fìlà rẹ̀.

"Mo rí ọ̀pọ̀ ọmọ. N kò mọ orúkọ wọn."

Moyinọlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, èmi náà ń dé lálaalẹ́. Èmi náà ọmọ yín ni."

Ìyá náà nu ọwọ́ sí ìró, ó wọ yàrá. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé Elijah ló mú bọ̀, ó ṣì wà ní lílọ̀. Inú àpò àyà rẹ̀ ló ti fa lẹ́tà yọ. Kò ya, kò rún.

"N kò lè sun ún," ó ní. "Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, báńkì gba lẹ́tà náà. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó lọ sí Mahuta.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, Ìyá Elijah kò tètè wọ ọkọ̀. Ó lọ bá onílé wọn, Alhaji Jàmàlúdéènì, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹni tó fi wọ́n pamọ́ sí yàrá ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa èèyàn níta. Ó kọ́ ọ ní ọ̀nà ilé tuntun tí yóò júwe fún Elijah bó bá dé: kí ènìyàn bọ́ọ́lẹ̀ ní Mahuta, kí ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, kí ó yà sọ́tùn-ún níbi igi dòngóyárò, kí ó bèèrè ìyá rẹ̀.

Bàbá náà sọ ọ́ tẹ̀lé e, ó ní bí òun bá kú, àwọn ọmọ òun yóò mọ̀ ọ́n.

Awakọ̀ fọn fèrè. Moyinọlá ní kí ó fara balẹ̀.

"Ẹ tún un sọ, Alhaji," Ìyá Elijah wí.

Alhaji tún un sọ.